Ṣé owó tí wọ́n ń san fún wa lórí ẹyọ kan tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin 14 ni wá, inú ilé kálukú wa la ti ń rán àpò aláṣọ fún alágbàtà kan. Òun ló ń gé aṣọ fún wa. Àwa la ni ẹ̀rọ, àwa là ń ra òwú. Iye àpò tí ẹnì kan bá rán ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Bí a bá ní kó fi kún un, á ní àwọn mìíràn wà tí yóò gbà á ní iye tó kéré sí tiwa. Báwo la ṣe lè mọ iye tó yẹ wá, ká sì rí i gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá a sọ̀rọ̀ owó. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ìṣẹ́jú tí àpò kan ń gbà lọ́wọ́ yín. Ó ṣeé ṣe kí alágbàtà náà má mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Níbi tí tọ̀túntòsì kò bá ti mọ̀, ẹni tí ebi kì í pa ló máa ń dárúkọ iye.

Ẹ mú obìnrin 5: ẹni tó yára kan, ẹni tó lọ́ra kan, àti mẹ́ta tí ọwọ́ wọn wà láàárín. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rán àpò 10 léra, kí ẹlòmíràn máa fi aago ka ìṣẹ́jú. Ẹ yọ àpò méjì àkọ́kọ́ kúrò, torí ọwọ́ kì í tíì gbóná nígbà yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìṣe nìyí: ẹni tó mọ̀ ọ́n rán jù ni wọ́n máa ń tì síwájú, bí ẹni pé ìdíje ni, iye tó bá sì jáde, òun nìkan ló lè fi jẹun. Ẹ ka gbogbo iṣẹ́ o, kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ nìkan: títú ìdì aṣọ, ṣíṣà á, yíyí òwú sí bọ́bìnì, gígé òwú tó yọ, kíká àti dídì. Bí ọmọ yín bá ń bá yín gé òwú, ìṣẹ́jú tirẹ̀ wọ inú ìṣirò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ọmọ yín lẹ fi ta alágbàtà lọ́rẹ.

Ká ní ìpíndọ́gba jẹ́ ìṣẹ́jú 24. Ẹ fi ìdá 15 nínú 100 kún un fún ìsinmi, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ àti òwú tó ń já. Ó di 27.6, ẹ pè é ní 28. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Bí ẹ bá pín 480 sí 28, ẹ ó rí 17 àti díẹ̀: àpò 17 ni iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn kan. Ẹ wá wo owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin ìlú yín fọwọ́ sí. Bí ti oṣù ni wọ́n kọ, ẹ pín in sí 26, ìyẹn bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Owó ọjọ́ kan yẹn ni ẹ ó pín sí 17. Owó ọwọ́ yín lórí àpò kan nìyẹn, kò sì sí òfin tó ní kí ẹ má béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìnáwó dúró lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4: òwú, abẹ́rẹ́, òróró ẹ̀rọ, iná, owó ọkọ̀. Ti òwú rọrùn: ẹ ka iye àpò tí rólù kan rán kó tó tán. Ti ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí ojú kì í rí owó náà bó ṣe ń jáde. Bí ẹ̀rọ yín á bá lo ọdún 5, ẹ pín iye tí ẹ ó fi ra òmíràn sí oṣù 60, ẹ fi owó àtúnṣe oṣù kan kún un, kí ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sí 442, tí í ṣe àpò 17 lọ́nà 26. Ẹ má da ìnáwó pọ̀ mọ́ owó ọwọ́ nínú ìwé. Bí ẹ bá dà á pọ̀, lọ́jọ́ tí òwú bá wọ́n, owó ọwọ́ yín ni yóò máa jẹ.

Ká ní ẹ ń fi wákàtí 2 lọ́sẹ̀ lọ gbé aṣọ, tí ẹ sì fi ń dúró de alágbàtà, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ló ń fi kún àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni 2 bá ń bá gbogbo yín gbé e, tí ẹ ń gbà á ṣe láàárín ara yín, ẹ ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹ̀tọ́, Àdéhùn 177 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1996 dá lórí irú iṣẹ́ yín gan-an, iṣẹ́ tí a ń gbà ṣe nílé. Àbá 184 tó bá a rìn sọ pé ó yẹ kí wọ́n san owó iná, omi àti àtúnṣe ẹ̀rọ padà fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì ka àkókò tó fi ń tú ẹrù àti èyí tó fi ń dì í; kí owó má pẹ́ ju oṣù kan lọ kó tó dé; kí wọ́n má sì yọ owó nítorí iṣẹ́ tó bàjẹ́ àfi nípa ìlànà tí wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn náà kò pọ̀, ẹ wádìí bóyá tiyín wà níbẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sí, ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá sì ní ẹni tí kò ní ọ̀gá kan pàtó kò lè ṣẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin SEWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn ní Ahmedabad, ní Íńdíà, náà nìyẹn. Wọ́n rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbà ní 1972.

Àwọn “mìíràn” tó fi ń dẹ́rù bà yín ńkọ́? Ẹ wá wọn kàn kí ẹ tó lọ bá a, kí ẹ bá wọn ka ìṣẹ́jú tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò rí i pé àwọn ń fi owó ara àwọn ra òwú fún un.

Kí ẹni 3 lọ bá alágbàtà, kì í ṣe ẹnì kan tó lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún, kó sì jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè san gbogbo rẹ̀, ẹ ní kó máa ra òwú fúnra rẹ̀, kó sì máa sanwó lọ́jọ́ tí ẹ bá kó àpò dé. Èyí lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju pé kó fi kún owó. Ẹ gba àpò kan tí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, òun ni ẹ ó fi yanjú ọ̀rọ̀ bí ó bá dá àpò padà. Ẹ yẹ aṣọ wò níbi tí ẹ ti ń gbà á, torí aṣọ tí wọ́n gé wọ́ kò lè di àpò tó gún. Kí oníkálukú ní ìwé kékeré: ọjọ́, iye tí a gbà, iye tí a dá padà, owó ẹyọ, ohun tí wọ́n yọ àti ìdí rẹ̀.

Bí ó bá pààrọ̀ àpò náà, ẹ tún ìṣẹ́jú kà kí ẹ tó gbà á. Síìpù kan tó gba ìṣẹ́jú 6 péré yóò sọ 24 di 30. Pẹ̀lú ìdá 15 yẹn, àpò òòjọ́ yín kò ní tó 14 mọ́.