Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Omi ọkọ̀ mi ń dín, ilẹ̀ sì gbẹ

Ìbéèrè

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Toyota Carina ọdún 1996 ni mò ń wà. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni omi rẹ̀ ti ń dín: bí mo bá lọ sí Pọ́bẹ̀ tí mo padà, mo ní láti bu nǹkan bí ìdajì lítà sí i. Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ rédíétọ̀. Èkejì yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, dànù. Omi ṣì ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́ gbẹ táútáú, n kò rí ẹ̀kán kan. Ẹni kẹta wá sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ká tú u. Owó tó pè pọ̀ lójú mi, ọkọ̀ náà sì ti dàgbà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì náà ti jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì, kò sì sí ẹnì kan tó mú yín wá sídìí ọkọ̀ pé, "Ibí ni omi ti ń jáde, ẹ wò ó." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó na fráńkì mìíràn.

Pé ilẹ̀ gbẹ kò ní kí omi má jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi inú rẹ̀ á wú, á sì máa ti gbogbo ibi tó wà. Ìdérí rédíétọ̀ ló ń di ìfúnpá yẹn mú. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tó ń sọ ìwọ̀n ìfúnpá tó lè dì mú, nǹkan bíi 0.9 tàbí 1.1. Nítorí ìfúnpá yìí ni omi lásán kò fi ní hó ní 100°C mọ́, ó lè tó nǹkan bí 120 kó tó hó. Ihò tí abẹ́rẹ́ lásán lè wọ̀ á máa fọ́n omi sára irin gbígbóná lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, omi náà á gbẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi máa délé tí ẹ́ńjìnnì sì tutù, ìfúnpá ti lọ, ihò náà kò ní tú nǹkan kan mọ́. Àpá nìkan ló máa kù: èérí gbígbẹ tó funfun, tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ kuláàǹtì (omi aláwọ̀ tí a ń dà sínú rédíétọ̀) tí ẹ ń lò bá ṣe rí. Àpá yẹn ni ká wá.

Kí ẹ tó wá a rárá, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n gbé rédíétọ̀ tuntun sí i, ṣé wọ́n ra ìdérí tuntun, àbí ti àtijọ́ ni wọ́n dé padà? Rọ́bà inú ìdérí máa ń le, sípíríǹgì rẹ̀ máa ń rọ̀. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi á gba abẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú ike ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, ike á kún, ìyókù á sì dà sójú títì nígbà tí ẹ wà lórí ìrìn. Ta ló máa rí i? Ìdérí ò wọ́n. Bí kò bá tíì sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ rà, kí nọ́ńbà orí rẹ̀ ṣáà bá ti ọkọ̀ yín mu. Ẹ má sì máa wo ike nìkan. Ní àárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ ṣí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ wo inú, torí ike lè kún kí rédíétọ̀ ṣófo. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná, Bàbá. Ojú àti apá ni omi yẹn máa ń bó.

Bí ìdérí bá dára, ẹ wá gáràjì tó ní pọ́ǹpù ìdánwò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un, ó ní aago lórí, ẹnu ibi tí ìdérí ń jókòó sí ni wọ́n ń so ó mọ́. Ẹ́ńjìnnì tutù, wọn ò tan án, wọ́n á fún un dé nọ́ńbà orí ìdérí, wọn ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ aago bá ń sọ̀ kalẹ̀, omi ń jáde níbì kan: kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n tẹ́tí, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé irin tutù, omi tó bá jáde kò ní gbẹ. Bí aago bá dúró digbí, kí wọ́n tan ọkọ̀ títí yóò fi gbóná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n jẹ́ kó tutù tó láti ṣí ìdérí, kí wọ́n wá tún un fún, torí àwọn ihò kan wà tí kì í là àfi bí irin bá wú.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n wò jù nìyí. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe Carina yín yẹn fún. Ó ní rédíétọ̀ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, ọ́ọ̀sì méjì ló sì ń gbé omi ẹ́ńjìnnì lọ síbẹ̀. Ta ló ń tan iná gbígbóná nínú ọkọ̀ ní Kétu? Nítorí náà kò sí ẹni tó ń rántí àwọn ọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wà, níbi tí irin ti pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, ooru sì ń bà wọ́n láti ọdún dé ọdún. Kí wọ́n fi ìka fún wọn níbi tí kílíìpù ti mú wọn. Bí rọ́bà bá le gan-an tó ń sán, tàbí tó rọ̀ pẹ̀lọ́pẹ̀lọ́, tàbí tí èérí pupa yí etí kílíìpù ká, ó parí. Kí wọ́n sì ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín. Bí ó bá tutù tó sì ń ta òórùn dídùn, tàbí tí gíláàsì iwájú ń ní ìkùukùu tó ń yọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, rédíétọ̀ kékeré yẹn ló lu. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ lè ní kí wọ́n so ọ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ kí omi má dé ibẹ̀ mọ́. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Pọ́ǹpù omi ló tẹ̀lé e. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, pé bí rọ́bà inú bá jẹ kí omi lè gba ibẹ̀ jáde. Bí èérí bá fa ìlà gígùn wá sílẹ̀ láti ihò yẹn, pọ́ǹpù ti fẹ́ lọ, kò sí àtúnṣe kan fún un ju kí ẹ ra òmíràn. Àwọn irin róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ihò lára ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́ tún wà: ìpata ni ń jẹ wọ́n, àgàgà bó bá jẹ́ omi kànga lásán ni a ti ń bù sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta wá kù. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, ọkọ̀ á máa sọ̀rọ̀: èéfín funfun nípọn tí kò dá lẹ́nu sàlẹ́ńsà bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti gbóná, omi tó ń ru bí ẹni pé ó ń hó nínú rédíétọ̀ ní kété tí ẹ bá tan án ní tútù, ọ́ìlì tó ti dà bí ògì. Omi búlúù kan tún wà tí a máa ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá ti wọ inú omi, búlúù náà á di yẹ́lò. Kí ó dán ìyẹn wò níṣojú yín. Bí kò bá ní in, kò ní ẹ̀rí.

Tẹ́mósítáàtì tí wọ́n yọ, kí wọ́n dá a padà. Nǹkan bí 82°C ló ń ṣí. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó lójú ọ̀nà, epo púpọ̀ ló sì ń mu, bẹ́ẹ̀ ló tún ń jẹ́ kí ihò tó ń là ní gbígbóná nìkan ṣòroó rí.

Ẹ má da ìyẹ̀fun dí-ihò sí i, ẹ má fọ́ ẹyin sí i. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀ tuntun yín ni yóò kọ́kọ́ dí.

Ní báyìí ná, kuláàǹtì tí a pò mọ́ omi mímọ́ ni kí ẹ máa fi kún un. Bí ó bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ dúró títí yóò fi tutù kí ẹ tó bu omi sí i, torí omi tútù lójijì lè la orí ẹ́ńjìnnì. Kuláàǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ẹ má dà á sí àgbàlá tí ewúrẹ́ àti ọmọdé ń dé.

Bí Kétu kò bá ní pọ́ǹpù ìdánwò, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ sì dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní láti sùn sí gáràjì kí n lè bá a ní tútù láàárọ̀.