Ìwé inú àpótí bàbá: Sydney ni wọ́n ti kọ ọ́

ÌBÉÈRÈ (láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan ní Kétu): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tá a tú àpótí bàbá wa tó di olóògbé, mo rí ìwé Faransé kéékèèké mẹ́rin, èèpo wọn dúdú, Série Noire ni wọ́n kọ sí i, Carter Brown lorúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọlọ́pàá, ìbọn, ọmọge, Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní ará Ọsirélíà ni Carter Brown. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló wá gbé e dé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, ṣé wọn ò ní ìtàn nílé tiwọn ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò mi. Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi gan-an torí èmi náà ka ìwé yẹn nígbà tí mo wà ní lísẹ́ níbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ tà ni mo ti ń rà á, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́. Alan Yates lorúkọ ẹ̀ gan-an. London ni wọ́n bí i sí ní 1923, ó kó lọ sí Ọsirélíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Horwitz ní Sydney ló ń tẹ ìwé ẹ̀, ibẹ̀ ló ti dé Amẹ́ríkà, tó dé Paris níbi tí wọ́n ti ń tẹ Série Noire, tó wá dé àpótí bàbá yín.

Èbúté ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ogun, ọkọ̀ òkun ló ń kó ìwé ìròyìn ìtàn láti Amẹ́ríkà wá sí Ọsirélíà, olówó pọ́ọ́kú, àwọn èèyàn sì ti mọ́ ọn lára. Ogun dé, ìjọba Ọsirélíà ò fẹ́ kí dọ́là máa jáde, ní 1940 wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di apá ìparí àwọn ọdún 1950. Ẹ̀yin ará Kétu ẹ mọ̀ ọ́n, nígbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà ní 2019, ṣé ebi wá dúró ni? Ẹni tó fẹ́ kà ṣì fẹ́ kà, ohun tó sì ti mọ́ ọn lára náà ló ń béèrè, ìyẹn kọ́bọ́ì àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ni àwọn onítẹ̀wé Sydney bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń rà á.

Àwọn tó ń kọ ọ́ ló ń ṣe mí láàánú. Leonard Meares, ọmọ Sydney, kọ ìwé tó lé ní 700, kọ́bọ́ì Texas ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ Marshall Grover ni wọ́n ń kọ sí èèpo ìwé. Gordon Clive Bleeck, òṣìṣẹ́ ojú irin ni, ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin Àjàṣẹ́ sí Pọ́bẹ̀ nígbà yẹn, kó dé látibi iṣẹ́ kó tún jókòó ti ìwé, ó kọ ju igba lọ, orúkọ oríṣiríṣi. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń pè é ní pàǹtí.

Ìtàn ilé ńkọ́? Ó wà, ó sì pọ̀. The Bulletin, ìwé ìròyìn Sydney tó bẹ̀rẹ̀ ní 1880, máa ń gbé ìtàn àwọn ará oko wọn jáde nígbà náà. Women's Weekly, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ ní 1933, ìtàn kéékèèké àti ìtàn alátẹ̀lé wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ọkùnrin inú ìtàn fẹ́ ọmọge ẹ̀ tàbí kò fẹ́ ẹ, bí ìwé ìròyìn Akéde Èkó ṣe fi ìtàn Sẹ̀gilọlá dá àwọn bàbá wa dúró ní 1929 sí 1930. Australian Journal náà wà láti 1865, ìtàn ni iṣẹ́ ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n dé Sydney ní 1956, nígbà tó fi máa di 1962 Australian Journal ti kógbá sílé.

Tẹ́ ẹ bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìkàwé ìjọba wọn ti gbé Women's Weekly láti 1933 dé 1982 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Trove lẹ máa tẹ̀, fóònù ọwọ́ yín ti tó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta mẹ́rin yẹn o. Ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá bàbá kọ orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n rà á síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.