Mo lọ sí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí lẹ́ẹ̀kan, n kò padà lọ mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Ó ti tó ọdún 9 tí n kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìmu ọtí, ó sì ti sú mi. Ìyàwó mi bá mi wá ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí, mo sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Àdúrà ni wọ́n fi parí rẹ̀, èmi kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé ará ibi iṣẹ́ mi lè rí mi níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè rí èyí tó máa bá mi lára mu?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Kí á tó dé orí ìpàdé, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá ọtí dúró lójijì nínú ilé láìsọ fún dókítà. Ara tó ti ń gba ọtí lójoojúmọ́ fún ọdún 9 kì í gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọtí bá dédé dáwọ́ dúró. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn á máa boni, àyà á máa já. Gìrì lè gbé ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọkàn àwọn kan á dàrú, wọn á máa rí ohun tí kò sí. Èyí lè la ikú lọ bí wọn kò bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kí ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an. Ẹ má bù ú kù. Oògùn wà tí a fi ń mú ara rọlẹ̀. Òmíràn wà, bíi naltrexone àti acamprosate, tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè padà sídìí ọtí. Bí ẹnikẹ́ni níbi ìpàdé bá ní kí ẹ pa oògùn tì, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó tàn kálẹ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, AA. Ẹ wo ìkànnì wọn, aa.org, tàbí áàpù wọn tó ń jẹ́ Meeting Guide, ẹ ó rí ìpàdé tó súnmọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Àwọn ìpàdé kan ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ìyàwó yín pàápàá lè bá yín lọ. Àwọn mìíràn wà fún àwọn tí ọtí ń bá fínra nìkan. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ni mo máa ń ní kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀: ẹ lè jókòó sẹ́yìn láìsọ nǹkan kan. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Ní ti ará ibi iṣẹ́ yín, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń dá. Ẹ rántí pé ohun tó gbé yín débẹ̀ náà ló ṣeé ṣe kó gbé òun náà wá. N kò ní tàn yín: àdéhùn ni wọ́n jọ ṣe láti má sọ̀rọ̀ ara wọn níta, kò lágbára òfin. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ lè pa kámẹ́rà kí ẹ sì máa gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdúrà. Ohun kan ṣoṣo tí AA ń béèrè ni pé kí èèyàn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ara rẹ̀. Àwọn kan kì í gbàdúrà rárá. Yàtọ̀ sí AA, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí: SMART Recovery àti LifeRing kì í fi ti ẹ̀sìn ṣe. Ẹ gbọ́ bí AA alára ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Akron, ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá lọ kò bọ́ sí i, oṣù márùn-ún péré ló tíì fi ọtí sílẹ̀, ilé ọtí òtẹ́ẹ̀lì náà sì ń fà á. Ó gba ìdí fóònù lọ, ó ń pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà fún òun o: ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ ló ń wá. Bó ṣe mọ Bob Smith nìyẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Àwọn méjèèjì ló dá AA sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà, èèyàn ni kí ẹ wá. Ìpàdé kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ẹ lọ sí márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ tó wọni lára. Bí ẹ bá gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ ìtàn tiyín láìmọ̀ yín, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Àyẹ̀wò ìwádìí 27 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, tó kan èèyàn tó lé ní 10,000, fi hàn pé ìtọ́jú tó ń so èèyàn mọ́ AA ń ṣe dáadáa ju àwọn ìtọ́jú mìíràn lọ fún ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé Al-Anon wà fún àwọn ará ilé, láti 1951. Bí ẹ bá sì tún mutí kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ kàn jókòó kí ẹ máa gbọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ṣàjèjì sí níbẹ̀.