Èsì: Ṣé ìwúwo rélùweè ló ń mi bíríìjì?
Ẹ̀gbọ́n, ìwúwo nìkan kọ́ o, eré ẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Bíríìjì kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìgbà tó máa ń mì ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí ẹsẹ̀ irin rélùweè bá wá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, ṣe ni mímì yẹn á máa le sí i, bí ìgbà téèyàn ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà. Ẹ wo TGV, rélùweè asáré ti ilẹ̀ Faransé, mítà 18.7 ló wà láàárín bogie (àkójọ ẹsẹ̀ irin abẹ́ ẹ̀) kan sí ìkejì, bíríìjì tó bá ń mì nígbà 4 ní sẹ́kọ́ǹdù, tẹ́ ẹ bá ṣírò eré tí rélùweè máa sá kó tó bá mímì yẹn mu, ó ń lọ sí kìlómítà 269 ní wákàtí, eré tí TGV ń sá dáadáa nìyẹn! Ó ṣẹlẹ̀ láwọn bíríìjì kéékèèké kan lọ́nà Paris sí Lyon, òkúta abẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ sí í tú.