Kí òfin ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yín tó jáde, ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ilé ìwòsàn

Àbúrò, o ní abádòfin ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba fún ẹkùn yín ti kọjá kíkà kejì, pé wọ́n ti pe ará ìlú sí ìpàdé ìta gbangba kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, o wá ń béèrè ohun tó yẹ kó o bá wọn sọ níbẹ̀. Ẹ kú oríire ná. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára tí ibi tí wọ́n ti ń gbé aboyún rin ìrìn wákàtí mẹ́ta kó tó rí dókítà bá gbọ́ irú ìròyìn yìí. Àwa náà yọ̀ nígbà tiwa. Dókítà mẹ́rin péré la jẹ́ nílé ìwòsàn àgbà ẹkùn wa nígbà yẹn, mo wà lára ìgbìmọ̀ tó bá wọn wo abádòfin náà, nígbà tó sì di òfin tán mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, torí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ fún ẹ.

Tó o bá ti gba ẹ̀dà abádòfin yẹn, fo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn alákòóso, wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Nínú tiwa, gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀, pé ilé ẹ̀kọ́ náà yóò máa bá ilé ìwòsàn ẹkùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó dùn ún gbọ́, èmi náà fọwọ́ sí i, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ṣé o rí i, abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ sí, abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìlera ni ilé ìwòsàn wà, ọ̀gá ọ̀tọ̀, àpò owó ọ̀tọ̀, kò sì sẹ́ni tí òfin ní kó gbọ́ tẹnìkejì nínú wọn.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kò hàn sẹ́nikẹ́ni, torí yàrá ìkàwé àti láàbù ni wọ́n ṣì ń lò. Ọdún kẹrin ló dé tí àwọn ọmọ fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kóòtù funfun tí wọ́n lọ̀ gbọnrangandan, àwọn míì ò tíì já bébà tó wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn, wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá ìgbẹ̀bí. Mátírọ̀nì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn dáadáa ni o, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀. Ó ní òun ò rí lẹ́tà kankan látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun, pé tí nǹkan bá ṣe aláboyún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ta ni wọ́n máa mú? Òótọ́ ló sọ, kò sì sí ìlà kan nínú òfin tó dá a lóhùn. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí dọ̀sán, wọ́n padà sí họ́sítẹ̀lì. Oṣù méje gbáko kí lẹ́tà yẹn tó dé, ká tó mọ̀, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti wá yẹ̀ wá wò, wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ka olùkọ́, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun mọ́ àfi tá a bá tún nǹkan ṣe. Ọmọ tó yẹ kó jáde lọ́dún mẹ́fà lo ọdún mẹ́jọ. Mo mọ bàbá kan tó ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọdún méjì tó lé yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó náà, ohun tí wọ́n máa ń kọ ni "owó tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀". Ẹ má gbà. Owó ilé kíkọ́ máa wá, owó oṣù olùkọ́ lọ́dún kẹrin, ìkarùn-ún ló máa ń wọ́n. Ẹ ní kí òfin fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún, kó má lọ wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ fásitì míì. Wo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti àríwá Ontario ní Kánádà, 2005 ló gba àwọn ọmọ àkọ́kọ́, ní Sudbury àti Thunder Bay, abẹ́ fásitì méjì ló wà. Ní 2021 gbèsè mu ọ̀kan nínú àwọn fásitì yẹn dé ilé ẹjọ́, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tó sọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà di fásitì tó dá dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2022. Ẹ̀yin lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn tí wọ́n máa gbà wọlé. Máàkì nìkan la wò, làwọn ọmọ olú ìlú bá gba gbogbo àyè, nígbà tí wọ́n sì jáde wọ́n padà sílé wọn. Àwọn tó kù sẹ́kùn wa nínú sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìka ọwọ́ kan tó mi í kà wọ́n. Mi ò bá wọn wí, kò sẹ́ni tó bá wọn ṣàdéhùn. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera kan ní erékùṣù Leyte ní Philippines, láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́nà míì: àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń yan ọmọ tó máa lọ, ọmọ náà á kọ́kọ́ kọ́ ìgbẹ̀bí, á padà wálé wá ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá fọwọ́ sí i á lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló ti lè gùn ún dé dókítà. Àwọn ará Japan náà, láti 1972 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Jichi sílẹ̀, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń rán ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́dọọdún, ẹ̀yáwó ni owó ilé ẹ̀kọ́, tí ọmọ náà bá fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ lẹ́kùn tó rán an wá, gbèsè náà parẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìwé àdéhùn nìkan tó o. Ọmọ tẹ́ ẹ bá fi ìwé dè síbi tí kò sí ilé gbígbé, tí oògùn ti tán, tí kò sí àgbà dókítà kankan tó lè pè láàjìn, á wá owó yẹn san padà, á sì bá tiẹ̀ lọ. Mo ti rí i. Èyí tó sunkún ní ọ́fíìsì mi kó tó lọ, ó wù ú kó dúró.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí fún àwọn ìyá ibẹ̀ pé dókítà máa dé láàárín ọdún méjì. Ẹ ka àkókò ilé kíkọ́ àti olùkọ́ wíwá, ẹ ka ọdún mẹ́fà, ẹ ka ọdún tí wọ́n fi ń ṣe àkọ́ṣe lábẹ́ ọ̀gá, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá nìyẹn, kí ẹ sì bi ìjọba pé ta ló máa tọ́jú àwọn ìyá yẹn ní gbogbo àkókò náà.

Tó o bá débẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí bébà, kó o fi lé akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, kó o rí i pé ó gbà á, torí ọ̀pọ̀ ohun téèyàn fẹnu sọ níbẹ̀ kì í wọnú àkọsílẹ̀. Kó o tó lọ, fi abala tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ tó o bá fi ránṣẹ́.