Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: “Ṣé Èmi Lo Wá Wò Ni, Àbí Nǹkan Yìí?”

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mọ́nítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi bí ara aláìsàn ṣe ń ṣe hàn, tó sì máa ń ké bí nǹkan bá yí padà, sídìí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ẹbí ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n là ń wò, a ò wo èèyàn wọn mọ́. Màmá kan tiẹ̀ bi mí pé, “Ṣé èmi lo wá wò ni, àbí nǹkan yìí?” Ó dùn mí wọra. Àwa méjì péré la sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́. Kí ni kí n ṣe? — Nọ́ọ̀sì alẹ́, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú àìsùn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú mọ́nítọ̀. Bí èèyàn méjì bá ń ṣọ́ odindi wọ́ọ̀dù, igbe rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ tètè mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń yí padà. Àmọ́ màmá yẹn jàre. Wọ́n fẹ́ kí o kọ́kọ́ kí àwọn.

Dúró níbi tí wọ́n ti lè rí ojú rẹ. Pè wọ́n ní orúkọ tí ẹbí ń pè wọ́n, Ìyá Rísì tàbí Màmá Alákàrà, má pè wọ́n ní “bẹ́ẹ̀dì kẹta.” Wá di ọrùn ọwọ́ wọn mú bí ẹni ń wo bí iṣan ṣe ń lù, kí o sì máa ka ìmí wọn bí àyà ṣe ń gòkè, fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Má sọ fún wọn pé ìmí lò ń kà o. Ẹni tó bá ti mọ̀ á mí lọ́nà mìíràn. Àgbàlagbà tó ń sinmi, 12 sí 20 ló yẹ kó jẹ́. Kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, wàá ti mọ̀ bóyá ọwọ́ tutù, bóyá wọ́n ń làágùn, bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe mátírọ́nì, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbà náà ni kí o wá gbójú sókè wo ẹ̀rọ, nítorí ó máa ń ṣì í kà. Èyí tí à ń fi há ọmọ ìka, tó ń tan iná gba inú ẹran ara kọjá láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ tútù lè dà á rú. Kúútẹ̀sì dúdú àti láàlì dúdú náà lè dà á rú. Àwọ̀ wa gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀, iye ìgbà tí ẹ̀rọ yìí kì í rí i lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Bí ẹ̀rọ bá ní ọ́síjìn jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún, tó dà bíi pé kò sí ewu, tí màmá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán, màmá ni kí o gbà gbọ́. Ní kí wọ́n la ẹnu, wò ó bóyá ahọ́n àti inú ètè wọn ti yí àwọ̀ padà, kí o sì pe dókítà.

Ní ti àwọn ẹbí, igbe ẹ̀rọ ló ń já wọn láyà. Sọ fún wọn kó tó ké: “Ó lè jẹ́ pé wọ́n mira ni, tí nǹkan náà yọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ pè mí, ẹ má tẹ nǹkan kan.” Kí ẹ sì bẹ mátírọ́nì yín kí ẹ jọ máa tún ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké ṣe fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Èyí tó bá ń ké lásán mọ́jú, etí yín á di sí i.