Èsì: Sójà àtijọ́ tí kò fẹ́ wọgbó mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtàn. Ẹ bi wá bóyá, nínú ìtàn àròsọ tí ẹ ń kọ, sójà tó ja Ogun Abẹ́lé lè wọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé lọ gba àwọn tí wọ́n jí gbé. Àgbà ti dé sí i o! Ogun 1967 sí 1970 kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó lọ Làìbéríà ní 1990. Ìyẹn ṣì lè rìn, bí orúnkún bá gbà fún un. Kó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, kó ní òun ti fi ìbọn sílẹ̀. Bó bá wá gbà, ẹ má fi í ṣáájú. Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ni kó ṣáájú, torí ìgbà ọyẹ́ ni ẹ fi ìtàn náà sí: ewé gbígbẹ á máa ró lábẹ́ bàtà sójà, ọdẹ sì mọ ibi tó yẹ kó fẹsẹ̀ lé.